Kí ni Suvorov fi mú ọkàn àwọn ọmọ ogun rẹ̀?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, a sì ní ẹgbẹ́ àríyànjiyàn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa sọ pé ọ̀gágun Rọ́ṣíà kan tí ń jẹ́ Suvorov kò pàdánù ogun kankan láyé rẹ̀. Òmíràn ní irọ́ ni. Mo fẹ́ mọ èwo ni òótọ́ níbẹ̀, kí n sì mọ ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe tí àwọn ọmọ ogun fi ń tẹ̀lé e bí ọmọ ṣe ń tẹ̀lé baba. Mo tún gbọ́ pé aláwọ̀ dúdú kan ni ó sọ ọ́ di ológun. Ṣé kì í ṣe ìtàn àtọwọ́dá ni?”

Ìdáhùn: Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ bi mí, ẹ̀yìn ni mo sì fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtàn ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Abram Petrovich Gannibal ni orúkọ aláwọ̀ dúdú tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀, ènìyàn gidi sì ni. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti mú un lẹ́rú nígbà tí ó wà ní kékeré, wọ́n gba Constantinople gbé e dé Rọ́ṣíà, Ọba Peter Ńlá sì gbà á tọ́ ní ààfin, ó rán an lọ sí Faransé láti kọ́ ìmọ̀ odi mímọ àti ìṣirò, títí ó fi di ọ̀gágun. Àwọn òǹkọ̀tàn kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí wọ́n ti bí i: àwọn kan ní ìhà Ethiopia àti Eritrea ni, àwọn mìíràn ní ẹ̀bá adágún Chad ni, ní ilẹ̀ tí ó bọ́ sí Cameroon lónìí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó bí Pushkin, akéwì tí àwọn ará Rọ́ṣíà kì í fi ẹnikẹ́ni ṣíwájú rẹ̀.

Ní ti Alexander Vasilyevich Suvorov, àwọn ìwé kan sọ pé 1729 ni wọ́n bí i, àwọn mìíràn ní 1730. Baba rẹ̀, Vasily Ivanovich, jẹ́ ọmọ ìsàmì Peter Ńlá, òun sì ni ó túmọ̀ ìwé Vauban, ará Faransé tó mọ̀ nípa odi kíkọ́, sí èdè Rọ́ṣíà. Ilé tó kún fún ìwé ogun ni wọ́n ti tọ́ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò le. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àìsàn kì í jìnnà sí ni, baba rẹ̀ sì ti pinnu pé iṣẹ́ ìjọba lásán ni yóò ṣe. Ọmọ náà kò gbà. Ó ń ka ìtàn Késárì àti ti Hannibal, ó ń da omi tútù sára, ó ń gun ẹṣin nínú òjò kí ara rẹ̀ lè le. Bí àwọn tó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe sọ ọ́, Gannibal wá kí baba náà, ó rí ọmọ yìí láàárín ìwé àti àwòrán ilẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀, ó sì jáde wá sọ fún baba rẹ̀ pé kí ó fi ọmọ náà sílẹ̀ kó ṣe ológun. Èmi gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni àwọn àgbà méjèèjì ń ṣe. Àmọ́ kí àwọn ọmọ yín sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wá lẹ́yìn, kí wọ́n má fi búra.

Ohun tó tẹ̀ lé e ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ Gannibal lọ, òun sì ni gbòǹgbò ìdáhùn sí ìbéèrè yín kejì. Ní ayé ìgbà náà, àwọn ọlọ́lá Rọ́ṣíà máa ń kọ orúkọ ọmọ wọn sínú ìwé àwọn ológun láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọmọ náà bá di géńdé, ó ti di ọ̀gá láìtíì gbé ìbọn rí. Baba Suvorov kò tètè kọ tirẹ̀. Ọdún 1742 ni orúkọ rẹ̀ wọ ìwé ẹgbẹ́ ọmọ ogun Semyonovsky, 1748 ni òun fúnra rẹ̀ wọ bárékè, ọdún mẹ́fà gbáko ni ó sì lò láàárín àwọn tí kò ní oyè kó tó di ọ̀gá kékeré ní 1754. Ó dúró ṣọ́nà ní òtútù, ó jẹ oúnjẹ wọn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ó mọ ohun tó ń bí wọn nínú àti ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọjọ́ kan tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ààfin Peterhof, Ọbabìnrin Elizabeth ń kọjá, ìdúró rẹ̀ wù ú, ó sì na owó fàdákà sí i. Ọmọ ogun náà kò gbà á, ó ní òfin kò gba ẹni tó wà lẹ́nu ìṣọ́ láyè láti gba owó. Ọbabìnrin gbé owó náà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kó mú un nígbà tí wọ́n bá gba ìṣọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó bá wọn ja Ogun Ọdún Méje, èyí tí Rọ́ṣíà bá Prọ́ṣíà jà, ó wà ní Kunersdorf ní 1759, ó wà lára àwọn tó wọ Berlin ní 1760. N kò ní dúró pẹ́ níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí a jókòó sí ni ọdún 1763 sí 1769, nígbà tí wọ́n fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Suzdal, tí ibùdó wọn wà ní Novaya Ladoga. Ibẹ̀ ni ó ti kọ ìlànà tirẹ̀ sílẹ̀, ìwé kan tí ó kà wọ́n ní ohun gbogbo láti orí bí a ṣe ń fọ aṣọ títí dé bí a ṣe ń yan lójú ìjà. Ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ àwọn ọmọ ogun. Ó ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde ní òru, nínú òjò, nínú yìnyín, ó ń mú wọn la igbó kọjá níbi tí kò sí ọ̀nà, ó ń mú wọn la odò kọjá níbi tí kò sí afárá. Àwọn ọ̀gá mìíràn ń kọ́ ọmọ ogun láti yan ṣámúṣámú níwájú ọba; òun ń kọ́ tirẹ̀ fún ọjọ́ tí ọba kò ní sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀kọ́ kan hàn yín nínú èyí tí ó ń kọ́ wọn. Yóò pín wọn sí ọ̀nà méjì, yóò ní kí wọ́n dojú kọ ara wọn, kí wọ́n sì sáré sí ara wọn tọwọ́tọwọ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ lẹ́nu ìbọn. Nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí wọ́n pàdé, wọn yóò gbé ẹnu ìbọn sókè, ìlà kan yóò sì la àárín ìkejì já láìdúró. Nígbà mìíràn àwọn ẹlẹ́ṣin ni yóò sáré la àárín àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kọjá, tí ìbọn tí a kò fi ọta sí yóò máa dún, tí èéfín yóò bo ojú gbogbo wọn. Àwọn kan máa ń fara pa níbẹ̀, ó sì mọ̀. Ohun tí ó ń wá ni pé kí ẹṣin àti ènìyàn ti rí ohun tó ń dẹ́rù bani jù lọ lójú ogun, kí wọ́n sì ti là á kọjá, kí ọjọ́ ogun tó dé. Ọkàn ẹni tó ti ń la àárín ènìyàn já ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kì í já nígbà tó bá rí ọ̀tá níwájú.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ìdí kejì. Láàárín 1795 sí 1796, ní Tulchin, ó kó gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ jọ sínú ìwé tí àwọn ará Rọ́ṣíà mọ̀ sí Ìmọ̀ Ìṣẹ́gun, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1806 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Apá kan nínú ìwé náà wà fún àwọn ọ̀gá, apá kejì sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ń bá ọmọ ogun sọ ní èdè tirẹ̀, kí ó lè há a sórí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, Suvorov sì kọ ọ́ fún etí: gbólóhùn kúkúrú, tí apá kan ń dá apá kejì lóhùn, bí òwe àti bí orin. Ohun mẹ́ta ni ó ní iṣẹ́ ogun dúró lé: ojú tó ń wọn ilẹ̀, ẹsẹ̀ tó yá, àti ìkọlù tí kò dúró wẹ̀yìn. Ó ní bí ẹ̀kọ́ bá nira, ìrìn ogun á dẹrùn. Bí ẹ̀kọ́ bá dẹrùn, ìrìn ogun á nira. Ó ní kí gbogbo ọmọ ogun mọ ohun tí a fẹ́ ṣe àti ipa tirẹ̀ nínú rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ohun àjèjì ní ayé tí àwọn ọ̀gá gbà pé iṣẹ́ ọmọ ogun ni kó ṣe ohun tí a bá ní kó ṣe, kó má béèrè ìdí.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé náà tí wọ́n máa ń fi bú u, bóyá àwọn ọmọ yín yóò sì gbé e jáde nínú àríyànjiyàn: “Òmùgọ̀ ni ọta ìbọn, akin ni ọ̀bẹ ẹnu ìbọn.” Àwọn kan gbà pé ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ iyì ìbọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tó wà nítòsí rẹ̀. Ọkùnrin kan náà ni ó ní kí ọmọ ogun máa yìnbọn níwọ̀n, ṣùgbọ́n kó máa ta á bà, kó sì tọ́jú ọta rẹ̀ kó tó o fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìbọn ayé ìgbà náà kò ní ìlà nínú ihò rẹ̀. Bí ẹni tí a ń yìn ín sí bá jìnnà ju bí ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lọ, oríire ni kí ọta bà á, kí a sì tó rọ ẹ̀tù mìíràn sí i, ọ̀tá ti súnmọ́. Ẹni tó bá dúró sójú kan tó ń yìnbọn nínú èéfín, ńṣe ni ó ń dúró de ikú. Ìṣirò ni Suvorov ṣe, ó wá fi ọ̀rọ̀ tí ọmọ ogun lè rẹ́rìn-ín sí sọ ọ́.

Ó kórìíra kí a bi ènìyàn ní ohun kan kí ó dáhùn pé “N kò mọ̀.” Ó tilẹ̀ ní orúkọ tó ń fi pe irú wọn. Ó lè dúró níwájú ọmọ ogun lójijì kó bi í pé ìràwọ̀ mélòó ló wà lójú ọ̀run. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kà á, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ení, èjì, ẹ̀ta, ni inú rẹ̀ yóò dùn sí. Àwọn ará ààfin ń fi irú ìwà bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ó ń kọ bí àkùkọ láàárọ̀, ó ń sùn lórí koríko gbígbẹ, ó ń fò lẹ́sẹ̀ kan nínú ilé àwọn ọlọ́lá. Ní tèmi, mo gbà pé ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ìdílé tí kò lágbára púpọ̀ láàfin, tí ahọ́n rẹ̀ sì mú, rí i pé ẹni tí wọ́n bá ti sọ pé orí rẹ̀ kò pé lè sọ òótọ́ fún ọba kó sì lọ sílé. Fún ọmọ ogun, ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: ọ̀gá tó ń sùn lórí koríko bíi tèmi, tó ń jẹ nínú ìkòkò tí mo ń jẹ, kò lè pa mí tì.

Ìkòkò yẹn ni ẹ má gbàgbé o. Gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ eré Suvorov, bí ó ṣe ń yọ sí ọ̀tá níbi tí wọ́n gbà pé kò lè dé, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ń béèrè ohun tí àwọn tó ń rìn ń jẹ. Nínú ìlànà rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹrù tó kó ìkòkò máa ń ṣíwájú àwọn ọmọ ogun lọ. Wọn á gbéra ní òru, wọn á rìn dé ibi kan, wọn á sinmi níwọ̀n wákàtí kan, wọn á tún gbéra. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n fẹ́ jẹun, wọ́n á bá kasha, ìyẹn ọkà tí a sè rọ̀, tó ń hó lórí iná. Kò sí pé ẹni tó ti rẹ̀ ń wá igi ìdáná kiri. Ó tún ń bá àwọn ọ̀gá jà lórí ìmọ́tótó, lórí omi tí kò mọ́ àti bàtà tí kò gbẹ, nítorí pé àìsàn ń pa ọmọ ogun nígbà náà ju ìbọn lọ. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rù ilé ìwòsàn, ó sì ní ìdí: ẹni tó wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ibà, òkú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé jáde.

Èso gbogbo èyí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1789. Rọ́ṣíà àti Ọ́síríà jọ ń bá àwọn Tọ́kì jà. Ọmọọba Coburg tí ó ṣe olórí ogun Ọ́síríà ránṣẹ́ pe Suvorov lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹ́gun pẹ̀lú rẹ̀ ní Focșani. Kò pẹ́, ó tún ránṣẹ́ pé ogun Tọ́kì ńlá mìíràn ń bọ̀. Suvorov ní bí ẹgbẹ̀rún méje ènìyàn lọ́wọ́. Ó kó wọn rin bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì ààbọ̀, nínú òjò àti ẹrẹ̀, ó sì bá Coburg tí òun ní bí ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Àwọn Tọ́kì tó wà níwájú wọn tó 100,000. Coburg fẹ́ kí wọ́n sinmi. Suvorov ní bí òun kò bá rí ẹni bá òun lọ, òun nìkan yóò lọ. Wọ́n la odò kọjá ní òru, kí ilẹ̀ ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án tó mọ́ wọ́n ti tò, wọ́n sì kọlu àwọn ibùdó Tọ́kì lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lè ran ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tó rí i pé yàrà tí àwọn Tọ́kì ń gbẹ́ yí ara wọn ká kò tíì parí, ó ṣe ohun tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni: ó tú àwọn ẹlẹ́ṣin sí wọn. Rymnik ni orúkọ odò ibẹ̀, ọbabìnrin Catherine Kejì sì fi orúkọ odò náà kún orúkọ ìdílé rẹ̀. Ní 1811, nígbà tí baba ti kú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Arkady, tí òun náà ti di ọ̀gágun, kú sínú odò Rymnik yìí kan náà nígbà tí ó ń gbìyànjú láti là á kọjá.

Ìbéèrè yín àkọ́kọ́ wá kù: ṣé kò pàdánù rí? Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ja ogun tó lé ní ọgọ́ta láìṣubú. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ogun ńlá lórí pápá, tó jẹ́ pé òun gan-an ni olórí, n kò mọ èyí tí wọ́n ti ṣẹ́gun rẹ̀. Bí ẹ bá wá ní kò sí ìgbà kan tí ó kọlu ibì kan tí wọ́n lé e padà, ọmọ yín kejì ni ó jàre. Ní 1771, ní Pólàǹdì, ó kọlu odi Lanckorona, wọn kò jẹ́ kó wọlé. Ní 1788, níwájú Ochakov, odi àwọn Tọ́kì, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ bá àwọn Tọ́kì láìsí àṣẹ Potemkin tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ọta bà á lọ́rùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, wọ́n sì padà sẹ́yìn lọ́wọ́ òfo. Potemkin bínú gidigidi, mo sì gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní Kinburn, òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ọjọ́ ọdún ni, ó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wá sọ fún un pé àwọn Tọ́kì ń sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀ tán. Nígbà tí ìjà gbóná, ẹṣin rẹ̀ ṣubú, àwọn ọ̀tá sì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ Stepan Novikov tó sáré dé tí ó pa wọ́n. Suvorov kọ orúkọ ọmọ ogun lásán yìí sínú ìròyìn tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Ó tún kọ lẹ́tà sí Natalia ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ Smolny. Ó ní ìjà tí àwọn jà le ju èyí tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jà nígbà tí wọ́n bá ń fa ara wọn nírun. Ó ní ọta ti lu ihò kékeré sí òun lápá òsì, wọ́n sì ti yìnbọn gé ìmú ẹṣin tí òun gùn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń sọ̀rọ̀ ikú fún ọmọdé. Ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ìyá ọmọ náà dàrú, wọn kò gbé pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà yìí wà títí dòní.

N kò lè sọ rere rẹ̀ kí n gbójú fo Izmail. Ní oṣù kejìlá 1790, odi ńlá yìí tó wà létí odò Danube ti sú àwọn ọ̀gágun Rọ́ṣíà, wọ́n ti ń kó ẹrù padà nítorí òtútù nígbà tí Suvorov dé. Àwọn tó wà nínú odi tó ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì, àwọn tó wà níta tó ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà, kí wọ́n sì mọ odi tó jọ ti Izmail gan-an sí ibùdó òun. Ní alaalẹ́, kí ọ̀tá má bàa rí wọn, ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ju ìdì igi sínú yàrà, bí a ṣe ń gbé àkàbà tì, bí a ṣe ń gùn ún. Ó fi iṣẹ́ rán sí olórí àwọn Tọ́kì: wákàtí 24 láti ronú, òmìnira ni; ìbọn mi àkọ́kọ́, ẹrú ni yín; bí mo bá gun odi, ikú ni. Wọn kò gbà. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 22, ìlà ogun mẹ́sàn-án gbéra láti orí ilẹ̀ àti láti orí omi. Ọ̀kan nínú wọn wà lọ́wọ́ Kutuzov, ẹni tí yóò wá kojú Napoleon ní 1812. Nígbà tí ó ránṣẹ́ pé ọwọ́ àwọn kò tó o, Suvorov fèsì pé òun ti fi í ṣe gómìnà Izmail. Ní ìrọ̀lẹ́, ìlú náà ti bọ́ sọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ó fi ọjọ́ mẹ́ta fún àwọn ọmọ ogun láti kó ohun tí wọ́n bá rí, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣèlérí fún wọn. Òkú àwọn ará Tọ́kì ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, obìnrin àti ọmọdé sì wà lára àwọn tó kú nínú ìlú náà.

Ní oṣù kọkànlá 1794, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Praga, ìlú tó dojú kọ Warsaw ní òdìkejì odò, nígbà tí àwọn ará Pólàǹdì dìde láti gba ilẹ̀ wọn. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wọlé ní kùtùkùtù, wọ́n sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ológun àti ẹni tí kò gbé ohun ìjà, kí Warsaw tó túúbá. Rọ́ṣíà sọ Suvorov di ọ̀gágun àgbà nítorí rẹ̀. Ní Pólàǹdì, ìpànìyàn Praga ni wọ́n ń pè é títí di òní. Àwọn kan ń wí pé bí ogun ayé ìgbà náà ṣe rí nìyẹn, pé ìlú tí a bá fi agbára wọ̀, ó di ìkógun. Òótọ́ ni pé àṣà wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó lè sọ fún ọmọ ogun rẹ̀ ìgbà tí yóò gbéra, ìgbà tí yóò sinmi àti ìgbà tí yóò jẹ kasha, tí wọ́n sì gbọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀, kò lè wá sọ pé òun kò lè dá wọn dúró. Nínú ìwé rẹ̀ kan náà ó ní kí wọ́n má ṣe pa aráàlú lára, nítorí pé òun ni ó ń fún wọn ní omi àti oúnjẹ. Bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ fi ìwé náà àti Praga lé wọn lọ́wọ́ pọ̀.

Catherine kú ní 1796, ọmọ rẹ̀ Paul jọba. Ìṣe àwọn ológun Prọ́ṣíà ni ọba tuntun fẹ́: irun dídì, ìyẹ̀fun lórí, aṣọ tó fún mọ́ra. Suvorov ní: “Ìyẹ̀fun kì í ṣe ẹ̀tù, irun dídì kì í ṣe àgbá, ìrù irun kì í ṣe idà, èmi kì í sì í ṣe ará Jámánì, ọmọ Rọ́ṣíà pọ́ńbélé ni mí.” Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọba. Wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́ ní 1797, wọ́n lé e lọ sí abúlé rẹ̀ ní Konchanskoye, ó sì ń lu aago ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, ó ń bá àwọn akọrin kọrin. Ní 1799, Ọ́síríà bẹ ọba pé Suvorov ni àwọn ń fẹ́ fún ogun tí wọ́n ń bá Faransé jà ní Itálì. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́rin ọdún. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹjọ ọdún náà, ó ṣẹ́gun ní odò Adda, ó wọ Milan, ó rin bí ọgọ́rin kìlómítà láàárín wákàtí 36 nínú oòrùn gangan kó tó ṣẹ́gun Macdonald, ọ̀gágun Faransé, ní Trebbia, ó sì ṣẹ́gun ní Novi níbi tí Joubert, olórí ogun Faransé, ti kú.

Lẹ́yìn Itálì ni ibi tí ó ti yẹ kí a mọ̀ ọ́n jù, ní ojú tèmi, nítorí pé ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Wọ́n ní kó gba orí òkè Alps kọjá lọ bá ọ̀gágun Rimsky-Korsakov ní Switzerland. Àwọn ará Ọ́síríà ṣèlérí ìbaaka tí yóò ru ẹrù. Nígbà tí ó dé ibi ìpàdé, kò sí ìbaaka, ọjọ́ tí kò ní ẹ̀san sì ti ṣòfò. Ó gun òkè Saint Gotthard pẹ̀lú bí ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún ènìyàn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, ó dé Afárá Èṣù lórí odò Reuss, níbi tí àwọn Faransé ti já afárá tí wọ́n sì ń yìnbọn láti òdìkejì. Àwọn ọmọ ogun wó ilé onípákó kan tó wà nítòsí, àwọn ọ̀gá tú ọ̀já aṣọ tí wọ́n sán mọ́ ìdí, wọ́n fi so pákó pọ̀, wọ́n sì gbà á kọjá. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ dé Altdorf kí wọ́n tó rí i pé kò sí ọ̀nà létí adágún láti ibẹ̀ lọ sí Schwyz, ọ̀nà tí wọ́n gbé gbogbo ètò lé. Wọ́n tún gun òkè mìíràn bọ́ sí àfonífojì Muota, ibẹ̀ sì ni ìròyìn ti bá wọn pé Masséna, ọ̀gágun Faransé, ti fọ́ Korsakov túútúú ní Zurich. Ẹni tí wọ́n ń lọ bá kò sí mọ́. Faransé wà níwájú àti lẹ́yìn wọn, búrẹ́dì tán, bàtà ti já lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn.

Ó pe àwọn ọ̀gá rẹ̀ jọ, ó sọ fún wọn pé wọ́n ti dà wọ́n, pé kò sí ibi tí ìrànlọ́wọ́ yóò ti wá, ó sì sunkún níwájú wọn. Àgbà nínú wọn dáhùn pé ibi tí ó bá ní kí àwọn lọ ni àwọn yóò lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn kọlu Masséna, wọ́n sì lé e padà nígbà tí àwọn tó kù ń wá ọ̀nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, wọ́n gun òkè Panix nínú yìnyín tó ń já bọ́, wọ́n ti àgbá tó kù sínú ọ̀gbun, ènìyàn àti ìbaaka ń yọ̀ ṣubú ní òru tí wọn kò rí igi dáná. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó jáde sí òdìkejì. Kò ṣe ohun tí wọ́n rán an, kò sì sí ìlú tí ó gbà. Bí a bá fẹ́ ṣòótọ́, ogun tí wọ́n rán an ní Switzerland já sí asán. Ṣùgbọ́n ọ̀gágun mìíràn ì bá ti kó gbogbo wọn fún ọ̀tá. Paul fi oyè generalissimus dá a lọ́lá, oyè tí kò sí èyí tó ga jù ú lọ lẹ́nu iṣẹ́ ogun.

Wọ́n ń múra ayẹyẹ ńlá sílẹ̀ dè é ní Saint Petersburg. Kí ó tó dé, inú ọba ti tún yí padà sí i, ẹ̀sùn sì ni pé ó rú òfin nípa fífi ọ̀gágun kan sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ láti máa ràn án lọ́wọ́ lójú ogun, bí àṣà àtijọ́. Òru ni ó wọ ìlú náà ní 1800, pẹ̀lú àìsàn, kò sì sí ẹni tó lu ìlù. Ó kú ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún. Wọ́n sin ín sí ilé ìjọsìn Alexander Nevsky, níbi tí ó dùbúlẹ̀ sí di òní, kò sì sí oyè kankan lórí òkúta tó wà níbẹ̀ lónìí, kì í ṣe ti Rymnik, kì í ṣe ti Itálì, kì í ṣe ti generalissimus. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀: Suvorov dùbúlẹ̀ síbí.